Ìwé Tí Kò Lẹ́yìn

Ojú ewé keje ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀.
Ọkọ̀ ti ń rì kí àwa tó dé ibẹ̀.
Bàbá Kékeré ló mú un ti Ìlọrin bọ̀,
láàárín tọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ nínú àpò rẹ̀,
kò níwájú, kò lẹ́yìn,
bí aṣọ tí eku ti bá ṣeré.

Ọmọkùnrin kan ló yè, erékùṣù kan ló gbà á.
A ò mọ orúkọ rẹ̀; ó ti bá ewé iwájú lọ.
Ràfátù àbúrò mi sọ ọ́ ní Àkànó,
ó ní ẹni tó bá lè gun igi báyẹn,
Ìgbómìnà ni.
Àwa tí a ń fi ẹsẹ̀ gbígbẹ la Ọ̀ṣìn kọjá lẹ́ẹ̀rùn,
tí òkun jẹ́ ọ̀rọ̀ inú àdúà lásán,
a jókòó ti àtùpà ní Òkè-Òde,
iyọ̀ òkun ń ta wá lójú.

Àkànó fi ọ̀bẹ kọ ọjọ́ sára igi.
Àkànó fi aṣọ ìgbòkun gbe òjò.
Àkànó jẹ ẹyin alábahun.
"Láìsí iyọ̀!" ni Ràfátù wí.
Mo ní iyọ̀ ló yí i ká, ìwọ ọmọ yìí.
Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.
Alaalẹ́ ló ń bi wá ní ìbéèrè kan náà:
"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"
A tú ìwé síwájú, a tú u sẹ́yìn.
Kò sí ìyá níbẹ̀.

Ibi tó ti já nìyí:
ó rí èéfín lókèèrè, ó dìde, ó sì

Ó sì kí ni?
Ẹlẹ́pà ìdíkọ̀ la fura sí.
Gbogbo ọjọ́ ọjà la fi owó oúnjẹ ọ̀sán ra ẹ̀pà,
a ò tíì jẹ ẹ́ tí a ti tú ìwé rẹ̀ wò:
èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ, òdo nínú ìṣirò;
ìwé gbèsè símẹ́ǹtì;
lẹ́tà ọkùnrin kan tó ní òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.
Àkànó ṣì wà lórí ìdúró,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè.

Ọdún ọyẹ́ ńlá yẹn, Ràfátù tẹ̀lé ewúrẹ́ wọgbó.
Ewúrẹ́ padà wálé.
Àwọn ọkùnrin tan ògùṣọ̀, wọ́n pè é títí ohùn wọn fi ha,
ọyẹ́ bo òkè, o ò rí igi tí o fọwọ́ tì.
Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá wa bu oúnjẹ rẹ̀, ó dé e.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó bu òmíràn, ó dé e, kò ṣí ti àná.
Mo wo abọ́ méjèèjì lórí pẹpẹ,
mo mọ̀ pé ilà ọ̀bẹ ni, lára igi.

Ràfátù kò ní ọ̀bẹ.
Ó sùn sí ihò àpáta, ó fi koríko bora,
ó fọ́ èso oṣè mọ́ òkúta, ó ń lá ìyẹ̀fun kíkan inú rẹ̀.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó rí èéfín lókèèrè,
ó dìde, ó sì

"Gáà Fúlàní ni," ó ń rojọ́ nígbà tó dé,
"ìyá kan ń gbé wàrà kaná.
Kò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ tirẹ̀.
Ó nu imú mi.
Ó pọ̀n mí bí ọmọ ọwọ́, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ!"
Ó wá yíjú sí mi:
"Ohun tó wà nínú ewé tó já nìyẹn."
Ìyá wa kò wí nǹkan. Abọ́ ló ń fọ̀,
abọ́ méjì, ó fọ̀ wọ́n bíi mẹ́wàá.

Lọ́dún tó kọjá, ní ìsọ̀ ìwé kan ní Ìlọrin,
mo ṣí ìwé kan sí ojú ewé keje: ọkọ̀ ń rì.
Mo kà á dé òpin lórí ìdúró.
Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n fún un ní bàtà.
Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Àkànó.
Ìyá rẹ̀ kò gba ìlà kan ṣoṣo.
Mo dá a padà, mo jáde sínú oòrùn,
mo wá ẹlẹ́pà tí kò tíì máa lo ọ̀rá,
mo ra ti igba náírà,
mo tú ìwé rẹ̀,
mo fọwọ́ nà án, mo ń kà.